Ọ̀rọ̀ Tí Mo Fún Bọ́lárìnwá

Ajé, 26 oṣù kìn-ín-ní

Wọ́n ti pín iṣẹ́ àṣekágbá. Nínú gbogbo ẹ̀dá tó wà ní kíláàsì wa, Bọ́lárìnwá ni Dókítà Beatrice fi tì mí. Àkòrí kan náà ni wọ́n fún àwa méjèèjì: ohun tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì mọ̀ nípa àyípadà ojú ọjọ́ àti ohun tó ń fà bá wa. Èmi ni n ó bi àwọn tó ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì léèrè, òun ni yóò bi àwọn tó gba yàrá ní Òṣíẹ̀lẹ̀. Oníkálukú yóò kọ tirẹ̀, oníkálukú yóò sì dúró ti tirẹ̀ níwájú àwọn olùdánwò lóṣù kẹrin.

"Kí ẹ máa ran ara yín lọ́wọ́ o," Màdámù wí.

"Kò sí wàhálà, Mà," Bọ́lárìnwá dáhùn. Ó yíjú sí mi. "Kòríkòsùn lèmi àti Ósóònù."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Eyín mi ló rẹ́rìn-ín, inú mi kò sí níbẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà sẹ́mínà, mo dìde dáhùn ìbéèrè. Mo ní ooru tó ń mú wa yìí, ihò tó wà lára ósóònù lókè lọ́hùn-ún ló fà á, pé ibẹ̀ ni òòrùn ń gbà wọlé. Bí wọ́n ṣe kọ́ mi ní sẹ́kọ́ńdírì nìyẹn. Bọ́lárìnwá dìde, ó ní ihò yẹn kọ́, pé èéfín mọ́tò, jẹnẹrétọ̀ àti iléeṣẹ́ ló bo ayé mọ́lẹ̀ tí ooru kò fi rí ọ̀nà jáde. Òótọ́ ló sọ, ìyẹn gan-an ló sì dùn mí jù. Ká ní ó dákẹ́ síbẹ̀, mi ò bá ti gbàgbé. Àmọ́ ó tún ní: "Ẹ jọ̀ọ́, níbo ni wọ́n ń pè ní Ósóònù? Ṣé lẹ́yìn Òṣíẹ̀lẹ̀ ni?" Lẹ́tà 'z' tó yẹ kó wà láàárín ọ̀rọ̀ yẹn kò sí lẹ́nu ìyá mi, kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni ní agboolé wa, kò sì sí lẹ́nu mi. Láti ọjọ́ náà ni Rodiat, orúkọ mi, ti kú. Ìyá tó ń ta búrẹ́dì lẹ́nu géètì pàápàá, Ósóònù ló ń pè mí.

Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Níbi tí ojú ti tì mí, níwájú gbogbo ènìyàn, níbẹ̀ náà ni ojú yóò ti ti Bọ́lárìnwá. Mo kọ èyí sílẹ̀ kí ọkàn mi má baà rọ̀.

Àbámẹ́ta, 31 oṣù kìn-ín-ní

Mo wá sílé, Ìtòkú. Ooru ọjọ́ òní kì í ṣe kékeré. Òkúta ẹ̀yìnkùlé wa gbóná débi pé mi ò lè fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ ẹ́. Àdìrẹ tí Ìyá mi sá lówùúrọ̀ ti gbẹ kí n tó mumi tán, síbẹ̀ inú wọn kò dùn. Àwọn oníbàárà wọn láti Èkó kò wá.

"Ayé ti gbóná, Rodi," wọ́n wí, wọ́n na ẹsẹ̀ síwájú ṣọ́ọ̀bù. "Ayé gbóná janjan. Ìrẹsì Ọ̀fàdà tí mo rà ní kóńgò kan lọ́jọ́sí, o ò lè bi wọ́n ní iye rẹ̀ báyìí. Aró wọ́n, kọ́sítíìkì wọ́n."

"Ìyá mi, ṣé ooru lẹ ń sọ ni?"

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. "Ta ló ń sọ̀rọ̀ ooru? Ṣé ohun tí wọ́n ń kọ́ ẹ ní yunifásítì nìyẹn?"

Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni mo dẹ́kun ẹ̀rín, nítorí nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn.

Ìṣẹ́gun, 3 oṣù kejì

Ọlọ́run kì í sùn. Màdámù ní kí a kọ ìbéèrè wa ní Yorùbá pẹ̀lú. Wọ́n ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kàn ń pọ gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n há sórí ni, pé bí a bá bi wọ́n ní èdè tí wọ́n fi ń jà, a ó mọ èyí tó yé wọn.

Mowé ni wọ́n ti bí Bọ́lárìnwá. Ìdájí ni bàbá àti ìyá rẹ̀ ń wọkọ̀ lọ síṣẹ́ l'Ékòó, òru ni wọ́n ń dé. Tẹlifísọ̀n ló kọ́ ọ ní gẹ̀ẹ́sì, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ ní Yorùbá tó jinlẹ̀. Ó bá mi lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn láìbìrì.

"Ósóònù mi, abeg, gbà mí. Báwo la ṣe máa pe global warming ní Yorùbá?"

Mi ò tilẹ̀ ronú. "Ayé ń gbóná."

"Ayé ń gbóná." Ó tún un sọ. "Ó sweet o. Àbí ayé ni world?"

"Ayé ni."

"Gbóná sì ni hot?"

"Gbóná ni."

Mi ò parọ́ kankan. Ẹni tó bá fẹ́ kó lọ wo ìwé atúmọ̀ èdè. Ó kọ ọ́ síwájú mi: *Ǹjẹ́ o gbà pé ayé ń gbóná sí i?* Ta ni ní Òṣíẹ̀lẹ̀, tó ń ra gàrí, tó ń san owó ilé, tó máa ní rárá? Gbogbo wọn ló máa ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sì ní í jẹ́ nítorí ojú ọjọ́. Lọ́jọ́ tó bá dúró níwájú àwọn olùdánwò, ìbéèrè kan péré ni mo máa bi í, ilé rẹ̀ á sì wó.

Ó ra mínírà tútù fún mi láti fi dúpẹ́. Mo mu ún tán, mo nu ẹnu. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun lòní.

Ọjọ́rú, 4 oṣù kejì

Ó ti tẹ ìwé ìbéèrè rẹ̀, ó ti ń pín in. Oorun tó kùn mí lálẹ́ àná, ó pẹ́ tí mo ti sun irú rẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù kejì

Èmi fi ara balẹ̀ kọ tèmi: *Ǹjẹ́ o gbà pé ooru inú afẹ́fẹ́ tó yí ayé ká ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún?* Ó gùn, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè fi í pe owó gàrí.

Ìdáhùn àwọn ará họ́sítẹ́ẹ̀lì sú mi. Ọ̀pọ̀ wọn mọ orúkọ nǹkan náà dáadáa. Mo bi ọ̀kan kí ni àyípadà ojú ọjọ́, ó ní, "Kí ojú ọjọ́ yí padà ni." Òmíràn ní ẹ̀ṣẹ̀ aráyé ló fà á. Ẹnìkan tó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní nítorí pé àwọn òyìnbó ń lọ sínú òṣùpá ni. Nígbà tí mo bi wọ́n ohun tó ti ṣe fún àwọn fúnra wọn, wọ́n ní kò tíì ṣe nǹkan kan, ìlú òyìnbó níbi tí yìnyín wà ló wà. Òógùn sì ń ro lójú wọn bí wọ́n ti ń sọ ọ́.

Ọmọbìnrin kan láti Kọ́bapẹ́ ní, "Ihò ni. Ihò tó wà lára ósóònù." Bí mo ṣe ń pè é gẹ́lẹ́ ló ṣe pè é. Ó wù mí kí n dì mọ́ ọn. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò mọ̀ ọ́n.

Ọjọ́rú, 18 oṣù kejì

Àwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Kò sí iná láti àná, fáànù kàn ń wò wá ni. Nígbà tó fi di aago méjì ọ̀sán, ahọ́n mi ti lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu.

Ummulkulthum tí a jọ ń gbé yàrá mọ gbogbo rẹ̀, nítorí mi ò lè fi nǹkan tó dùn tó bẹ́ẹ̀ pa mọ́. Ó ń kọminú láti ìgbà náà.

"Rodiat, ẹni tó ń gbààwẹ̀ kì í di èèyàn sínú."

"Oúnjẹ àti omi ni wọ́n ní kí n yàgò fún. Wọn ò dárúkọ Bọ́lárìnwá."

"Lọ sọ fún un kó yí ìbéèrè yẹn padà."

"Ṣé o gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pè mí lónìí lẹ́nu géètì?"

"Ẹni tó bá da eérú leérú ń tọ̀ o. Èmi ti sọ tèmi." Ó yí ẹ̀yìn sí mi, ó ń fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 24 oṣù kejì

Ó ṣẹlẹ̀, àmọ́ kò ṣẹlẹ̀ bí mo ṣe fẹ́.

A kó àbájáde wa lọ bá Màdámù. Nínú mẹ́wàá tí mo bi, ó ṣòro kí mẹ́ta gbà pé ooru ayé ń pọ̀ sí i kí wọ́n sì mọ ohun tó fà á. Nínú mẹ́wàá tí Bọ́lárìnwá bi, mẹ́sàn-án gbà pé ayé ń gbóná, wọ́n gbà á tọkàntọkàn, àwọn míì tilẹ̀ fa ìlà sí i nídìí. Màdámù dìde lórí àga.

"Bọ́lárìnwá, o káre! Ṣé ẹ rí i? Èdè ni! Ẹ bi àwọn ọmọ yìí ní èdè abínibí wọn, wọ́n mọ̀ ọ́n!" Wọ́n wá wo ìwé tèmi. "Rodiat, ìbéèrè tìẹ gùn jù. Wo bí Bọ́lárìnwá ṣe kọ tiẹ̀, ó ṣe ṣókí. Kọ́ lára rẹ̀."

Kọ́ lára rẹ̀!

Bọ́lárìnwá ní òun máa fi bó ṣe kọ ọ́ hàn mí. Mo ní mo dúpẹ́.

Ọjọ́rú, 25 oṣù kejì

Mi ò lè jẹ sààrì. Ìbínú ni mo fi gbààwẹ̀.

Ọjọ́bọ̀, 5 oṣù kẹta

Mo ti gbé e yẹ̀ wò. Bí mo bá sọ fún Màdámù báyìí, wọ́n á ní kó lọ tún un ṣe, ojú kò sì ní í tì í. Kó máa gòkè lọ. Bí àgbọn bá ṣe ga tó ni ìró rẹ̀ ṣe ń dún tó bó bá já.

Ẹlẹ́rìí ló kù. Mo lọ bá Àràmídé, ọmọ Ọ̀fàdà tó gba yàrá sí Òṣíẹ̀lẹ̀, tó wà lára àwọn tí Bọ́lárìnwá bi. Mo bi í ohun tó mú un ní ayé ń gbóná.

"Ṣé kò gbóná ni?" ó ní. "Bàbá mi ò rówó fún mi ní sáà yìí. Ìrẹsì ni mo ń jẹ ní gbígbẹ láti ọjọ́ Àìkú."

"O ò ro ti òòrùn rárá?"

"Òòrùn báwo? Sísá ni mo ń sá fún onílé."

Mo ní kó wá síbi tí a ó ti dúró níwájú àwọn olùdánwò lóṣù kẹrin, kó jókòó tì mí. Bí mo bá dìde tí mo bi Bọ́lárìnwá, kó sọ ohun tó sọ fún mi yìí. Ó gbà. Mo fi gàrí àti ṣúgà sílẹ̀ fún un.

Ẹtì, 13 oṣù kẹta

Òjò àkọ́rọ̀ ọdún. Ìjì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, omi kò tó nǹkan. Ó ṣí páànù mẹ́ta lórí ilé tí à ń gbé. Ilẹ̀ mu omi náà, ó tún ń bèèrè òmíràn.

Ẹtì, 20 oṣù kẹta

Ọdún Ìtúnu Àwẹ̀. Ó yẹ kí inú mi dùn.

Àwọn ará kíláàsì wá jẹ ọdún nílé wa. Mi ò pe Bọ́lárìnwá. Ummulkulthum ló pè é láìsọ fún mi, ó ní ọjọ́ ìdáríjì lòní. Bọ́lárìnwá wọ búbà funfun, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Ìyá mi, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n fún un ní ẹran tó ju tèmi lọ.

"Ẹ kú ọdún, Mà. Ẹ kú ìnáwó."

"Ọdún á yabo, ọmọ mi. Má wo bó ṣe kéré, jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ayé gbóná lọ́dún yìí."

Bọ́lárìnwá bojú wòkè. "Bẹ́ẹ̀ ni, Mà, ooru yẹn pọ̀."

"Ooru kẹ̀?" Ìyá mi rẹ́rìn-ín. "Ooru kọ́, ọmọ mi. Mo ní ayé gbóná. Nǹkan wọ́n, ọjà ò tà. Ṣé wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ yín ni?"

Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú abọ́. Ó wo Ìyá mi. Lẹ́yìn náà ó wò mí, ó wò mí pẹ́, mo sì mọ̀ pé ó ti yé e. Èmi náà tẹjú mọ́ ọn. Mo fẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni.

Ó jẹ ẹran rẹ̀ tán, ó dúpẹ́, ó sì ṣàdúrà fún Ìyá mi kó tó lọ. Ummulkulthum ní ṣé mo rí i bí ó ṣe lọ́mọlúàbí tó.

Ọjọ́bọ̀, 26 oṣù kẹta

Mo rí Bọ́lárìnwá lónìí ní Òṣíẹ̀lẹ̀ lórí ọ̀kadà, lójú òòrùn ọ̀sán gangan, ó ń ti ilé dé ilé. Ó ti dúdú, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wọlé. Ó ń wá àwọn tó bi tẹ́lẹ̀ kiri. Ẹ̀pa kò bóró mọ́, ọ̀rẹ́. Màdámù ti fi àbájáde yẹn ránṣẹ́ sí olùdánwò tó ń bọ̀ láti Ìlọrin. Mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kan, mo ra omi tútù, mo sì mu ún díẹ̀díẹ̀ bí mo ti ń wò ó. N kò gbádùn omi tó bẹ́ẹ̀ rí.

Àbámẹ́ta, 11 oṣù kẹrin

Òjò kò padà wá láti ìgbà náà. Ìyá mi ránṣẹ́ pé kànga ẹ̀yìnkùlé ti ń yọ ẹrẹ̀.

Mo ti ń dán ìbéèrè mi wò níwájú dígí: *Ọ̀gbẹ́ni Bọ́lárìnwá, ta ló sọ fún yín pé ojú ọjọ́ ni wọ́n ń dáhùn?* Mo pinnu láti fi "Ọ̀gbẹ́ni" sí i. Ó ń ta ni jù bẹ́ẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 14 oṣù kẹrin

Kí n kọ ọ́ bó ṣe rí, kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tún un ṣe lọ́kàn ara mi.

Èmi ni mo kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Sàlàhúdíìnì tó wá láti Ìlọrin gbọ́ mi dópin. Wọ́n ní iṣẹ́ mi mọ́, pé kò lábùkù, àmọ́ kò sọ ohun tí àwọn ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Mo jókòó ti Àràmídé. Kò dùn mí púpọ̀, torí ohun tí mo bá wá ṣì wà níwájú.

Bọ́lárìnwá dìde. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó sọ nìyí: "Ẹ̀yin àgbà, àbájáde tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, irọ́ ni."

Màdámù gbé ọwọ́ lé orí.

Ó ní òun bèèrè bóyá ayé ń gbóná, gbogbo ènìyàn ní bẹ́ẹ̀ ni, òun sì ń yọ̀, àṣé owó ọjà ni wọ́n ń sọ. Ó ní ìgbà tí ó yé òun, òun padà lọ bá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, òun bi wọ́n pé kí ló gbóná fún wọn, wọ́n ní ìrẹsì, iṣu, owó ilé. Òun tún bi wọ́n pé kí ló mú ìrẹsì wọ́n. Àwọn ọmọ ìgboro dákẹ́. Àwọn ọmọ àgbẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ mi. "Àràmídé ló jókòó yìí, bàbá rẹ̀ gbin ìrẹsì lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún kan ṣoṣo. Òjò ṣẹ́, ó gbẹ. Òjò tún ṣẹ́, ó tún gbẹ. Ẹ̀ẹ̀kẹta, àgbàrá kó o lọ. Ìdí nìyẹn tí kò fi rówó ilé san."

Àràmídé mi orí rẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni. Àràmídé mi, ẹlẹ́rìí mi.

"Àwọn tí ẹnìkejì mi bi ní họ́sítẹ́ẹ̀lì mọ orúkọ àyípadà ojú ọjọ́," Bọ́lárìnwá wí, "wọn ò mọ̀ pé ó ti dé inú ìkòkò wọn. Àwọn tèmi mọ̀ pé ó ti dé inú ìkòkò, wọn ò mọ orúkọ rẹ̀ ni."

Àwọn olùdánwò ń kọ̀wé. Wọ́n bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè. Ọwọ́ mi ti wà lókè kí n tó rántí pé kò sí ìbéèrè kankan nínú rẹ̀ mọ́. Mo ti dìde. Gbogbo ojú wà lára mi.

"Rárá, sà," ni mo sọ.

Kí n tó jókòó, Ọ̀jọ̀gbọ́n yí sí Bọ́lárìnwá. "Ọ̀rọ̀ yìí, ayé ń gbóná, òun ló bí gbogbo iṣẹ́ yìí. Ta ló fún ẹ?"

Ó wò mí bó ṣe wò mí lọ́jọ́ ọdún. Mo rò pé yóò sọ ọ́: pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, pé mo fẹ́ ba tiẹ̀ jẹ́.

"Ósóònù ni, sà."

Yàrá náà ya lulẹ̀ fún ẹ̀rín.

"Ta ló ń jẹ́ Ósóònù?"

Gbogbo ìka ló tọ́ka sí mi. "Ẹ ṣeun, Ósóònù," Ọ̀jọ̀gbọ́n wí tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí ẹni pé bàbá mi ló sọ mí ní orúkọ náà. "Ẹ jẹ́ ká pàtẹ́wọ́ fún wọn."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Màdámù pàtẹ́wọ́. Àràmídé pàtẹ́wọ́.

Mo bá Bọ́lárìnwá níta. "O mọ̀. Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Kí n ní o ṣe ìkà? Wọ́n á gbàgbé kó tó di ìrọ̀lẹ́." Ó ń ká okùn kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Wọn ò ní í gbàgbé Ósóònù. Mo ti kọ ọ́ sójú ewé ìdúpẹ́ nínú ìwé iṣẹ́ mi. Wọ́n máa dì í, ó máa wà ní láìbìrì."

Ó gba Ẹ́è. Mo gba Bíì. Nígbà tí mo dé yàrá, Ummulkulthum rí ojú mi, ó ti fẹ́ dárúkọ eérú. Mo ní bí ó bá dárúkọ rẹ̀, n ó kó jáde.

Ọjọ́rú, 15 oṣù kẹrin

Òjò rọ̀ mọ́jú. Ó rọ̀ gan-an. Mi ò jáde.

Ọjọ́bọ̀, 23 oṣù kẹrin

Màdámù pè wá. Wọ́n fẹ́ kí àwa méjèèjì bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun sọ̀rọ̀ lórí ojú ọjọ́, ní Yorùbá, níwájú gbogbo ẹ̀ka. Ọ̀gá àgbà yóò wá. Bọ́lárìnwá ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ó bá mi lábẹ́ igi máńgòrò lọ́sàn-án yìí. Ó dúró jìnnà díẹ̀, ó mú mínírà tútù méjì lọ́wọ́.

"Rodiat."

Mo wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹlòmíràn ló ń pè. Láti ọdún tó kọjá, n kò gbọ́ orúkọ yẹn lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Rodiat, jọ̀ọ́. Báwo la ṣe máa pe carbon footprint ní Yorùbá?"

Mo gba mínírà náà. Ọ̀rọ̀ méjì ló wá sí mi lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan dára. Èkejì, bó bá fi í ṣí ẹnu níwájú ọ̀gá àgbà, wọ́n á rẹ́rìn-ín títí di ọdún tó ń bọ̀. Ó ń wo ẹnu mi, òógùn ń ro lójú rẹ̀, ó sì tún pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan sí i, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Mi ò tíì dá a lóhùn.